Ilé Etí Òkun ní Campobello

Franklin Delano Roosevelt, ẹni tí ó ṣe Ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti ọdún 1933 títí ó fi kú ní ọdún 1945, jẹ́ ọmọ ọlọ́rọ̀. Ní ọdún 1882 ni a bí i sí Hyde Park ní ìpínlẹ̀ New York. Ọmọ ọdún kan ni ó wà nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kọ́kọ́ gbé e lọ lo àkókò ooru ní erékùṣù Campobello. Ibẹ̀ wu bàbá rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ra ilẹ̀, tí ó sì kọ́ ilé sí i. Ilẹ̀ Kánádà ni erékùṣù náà wà, ṣùgbọ́n omi tóóró kan ni ó wà láàárín rẹ̀ àti etí ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Níbẹ̀ ni Franklin ti kọ́ bí a ti ń tu ọkọ̀ onígbòkun. Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ọ̀lẹ rárá, nítorí pé ní apá òkun Fundy yìí, omi a máa kún, a sì máa fà, ju ti ibi gbogbo lọ ní ayé, kùrukùru a sì máa bo ojú òkun lójijì tí atukọ̀ kò fi ní rí iwájú. Nígbà tí ó di géńdé, tí ó sì gbé Eleanor níyàwó ní ọdún 1905, kò fi erékùṣù náà sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ra ilé mìíràn fún wọn ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ilé ńlá oníyàrá 34. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀, kò sí tẹlifóònù, fìtílà ni wọ́n ń tàn ní alẹ́; síbẹ̀ ilé náà kì í dá rọ́rọ́ ní àkókò ooru, nítorí tọmọdé tàgbà, tẹbí tọ̀rẹ́ ni ó máa ń kún un.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1921, Roosevelt jẹ́ ẹni ọdún 39. Ní ọdún tí ó ṣáájú ni ó du ipò Igbákejì Ààrẹ, tí a sì fi ìdí ẹgbẹ́ rẹ̀ janlẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ púpọ̀ nígbà tí ó dé Campobello, níbi tí aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn márààrún ti ń dúró dè é. Ọ̀rẹ́ àti olùdámọ̀ràn rẹ̀, Louis Howe, náà wà nínú ilé pẹ̀lú aya àti ọmọkùnrin rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù náà, Roosevelt kó aya àti díẹ̀ nínú àwọn ọmọ sínú ọkọ̀ wọn lọ sójú òkun. Wọ́n rí iná tí ń jó igbó ní erékùṣù kékeré kan, wọ́n sì gúnlẹ̀, wọ́n já ẹ̀ka igi, wọ́n fi lu iná náà títí ó fi kú. Ojú wọn pọ́n, èéfín sì bò wọ́n. Bí wọ́n ti dé ilé, bàbá sáré lọ wẹ̀ nínú adágún kan, lẹ́yìn èyí ó tún bọ́ sínú omi òkun tí ó tutù bíi yìnyín. Ó padà wálé, ó jókòó pẹ̀lú aṣọ ìwẹ̀ tútù lára, ó ń ka lẹ́tà. Kò pẹ́ tí òtútù fi mú un. Kò dúró jẹun alẹ́ tí ó fi gòkè lọ sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ibà ti gbé e, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò sì lágbára mọ́. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí ẹsẹ̀ méjèèjì fi kọ̀ láti gbé e. Oníṣègùn tí a kọ́kọ́ pè wí pé òtútù lásán ni. A pe èkejì, àgbà oníṣègùn abẹ kan tí òun náà wá sinmi ní etí òkun nítòsí. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ni ó dì, ó sì pàṣẹ pé kí a máa fọwọ́ ra ẹsẹ̀ náà gidigidi. Eleanor àti Howe ń ra ẹsẹ̀ lọ́sàn-án lóru, wọn kò mọ̀ pé oró ni wọ́n ń fi kún oró. Ta ni yóò bá wọn wí, nígbà tí ọ̀rọ̀ oníṣègùn ni wọ́n ń tẹ̀ lé? Bí ó tilẹ̀ ti ṣìnà tó, 600 dọ́là ni àgbà náà bèèrè fún iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ni Robert Lovett, ògbóǹkangí láti Boston, dé, tí ó sì sọ pé àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Omi tútù kọ́ ni ó fà á, nítorí pé kòkòrò àrùn náà a máa lúgọ sínú ara fún ọjọ́ pípẹ́ kí ó tó fara hàn. Oògùn kò sí fún un, àjẹsára kò sì tíì sí. Ọdún 1955 ni a tó kéde pé ti Jonas Salk ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rù ba gbogbo ilé nítorí àwọn ọmọ, a kò sì jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ bàbá wọn. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń kí i.

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹsàn-án, àwọn ọkùnrin erékùṣù náà gbé e sọ̀kalẹ̀ dé etí omi, ọkọ̀ ojú omi gbé e sọdá sí Eastport. Howe ti tan àwọn oníwèé ìròyìn lọ dúró sí èbúté mìíràn, kí wọ́n má baà rí i bí a ti ń gbé e gba ojú fèrèsé wọ inú ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí wọ́n fi dé, ó ti wà lórí ìrọ̀rí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù wá di àríyànjiyàn nínú ẹbí. Ìyá rẹ̀ fẹ́ kí ó padà sí Hyde Park, kí ó máa jẹ ogún bàbá rẹ̀ ní àlàáfíà, kí ó gbàgbé òṣèlú. Eleanor àti Howe kò gbà, òun náà kò sì gbà. Ó fi irin de ẹsẹ̀, ó kọ́ bí a ti ń di ọ̀pá àti apá ẹlòmíràn mú kí ó lè dúró níwájú àwọn ènìyàn. Ní ọdún 1928 a yàn án ní gómìnà New York, ní ọdún 1932 a yàn án ní Ààrẹ.

Láti ọjọ́ tí a ti gbé e jáde, kò fojú kan Campobello mọ́ títí di ọdún 1933. Ó lè gba ọ̀nà tí ó rọrùn lọ, ṣùgbọ́n òkun ni ó gbà, nínú ọkọ̀ onígbòkun kan tí a ń pè ní Amberjack II. Ọmọkùnrin rẹ̀ James wà lára àwọn tí ó bá a lọ. Ìgbì àti kùrukùru dá wọn dúró lọ́nà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní òpin oṣù kẹfà, àwọn ará erékùṣù tú jáde sí etí omi láti pàdé rẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n gbé lọ ní ọdún méjìlá sẹ́yìn jókòó nídìí ọkọ̀, òun tìkára rẹ̀ ni ó sì ń tọ́ ọ wọ èbúté.