Anna Thynne

Anna Constantia Thynne (1806–1866) jẹ́ onímọ̀ nípa àwọn ẹ̀dá inú òkun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wà lára àwọn ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n sìn iyùn láàyè fún ìgbà pípẹ́ nínú ilé tí kò sí létí òkun.

Ìgbésí ayé rẹ̀

Beresford ni orúkọ ìdílé tí wọ́n bí i sí. Ní ọdún 1824, ó fẹ́ àlùfáà John Thynne, ẹni tí ó wá di ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ ṣọ́ọ̀ṣì Westminster Abbey ní Lọ́ńdọ̀nù.

Iyùn sísìn

Ìlẹ̀kẹ̀ iyùn tí àwọn ọba àti ìjòyè ń lò ní ilẹ̀ Yorùbá jẹ́ egungun tí àwọn ẹranko kéékèèké inú òkun fi sílẹ̀. Ìbátan àwọn ẹranko bẹ́ẹ̀ ni Thynne rí láàyè ní ọdún 1846 ní Torquay, ìlú etíkun kan ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú so wọ́n mọ́ kànrìnkàn, kí wọ́n má baà máa gbá ara wọn nínú ìkòkò títí wọ́n fi dé Lọ́ńdọ̀nù.

Níbẹ̀, omi òkun tuntun ṣòro láti rí. Nítorí náà, ìránṣẹ́bìnrin ilé rẹ̀ a máa da omi náà láti inú ohun èlò kan sí òmíràn níwájú fèrèsé tí a ṣí sílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Ní ọdún 1847, Thynne fi ewéko òkun kún un. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti tàn sí ewéko náà, a máa tú ọ́síjìn sínú omi, àwọn ẹranko a sì máa fi mí. Báyìí ni ó ṣe tọ́jú wọn fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta.

Ipa rẹ̀

Ìwé Philip Henry Gosse, The Aquarium (1854), ni ó sọ àṣà yìí di gbajúmọ̀. Ọdún 1859 ni ìròyìn Thynne lórí bí iyùn ṣe ń bí sí i tó jáde, pẹ̀lú àlàyé láti ọwọ́ Gosse. Nígbà náà, àpótí dígí olómi òkun ti wà ní ọ̀pọ̀ ilé.

Àwọn tí ń sìn Xenia, iyùn rírọ̀ tí ń ṣí tí ó sì ń pa ọwọ́ rẹ̀ dé léraléra, ṣì ń tẹ̀lé ìlànà kan náà lónìí. Ẹ̀rọ ni ó ń ru omi dípò ìránṣẹ́bìnrin. Àwọn ẹ̀dá tíntìntín bí ewéko, tí ń gbé inú ara iyùn náà, sì ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ fún un.