Ògèdèǹgbé àti Ìparapọ̀ Tí Kò Ní Ọba Kan

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gbọ́ orúkọ Ògèdèǹgbé Agbógungbórò láti kékeré gẹ́gẹ́ bí akọni tó ja ogun Kírìjì. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún wa ni pé kì í ṣe òun ló dá Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀, àti pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè é, kò tètè dá wọn lóhùn.

Àtọ́rin, nítòsí Iléṣà, ni wọ́n bí i sí. Ọ̀rìṣàráyíbí Ògúndàmọ́lá lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn tẹ̀ ẹ́, wọ́n mú un lọ sí ìlú wọn, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ iṣẹ́ ogun, láàrin àwọn tí yóò padà wá bá jà. Nígbà tí Ìbàdàn kó Iléṣà ní 1870, Ògèdèǹgbé wà lára àwọn tó gbèjà ìlú náà. Lẹ́yìn náà ló kọrí sí ìlà-oòrùn, tó ń jagun kiri ní ìhà Àkúrẹ́. Ká má parọ́, àwọn ìlú tó kó nígbà yẹn kò ní í fi oríkì yìn ín.

Ní gbogbo àsìkò yìí, àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ló ń pàṣẹ ní ilẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Àwọn ìlú wọ̀nyí gbọ́ èdè ara wọn, púpọ̀ nínú àwọn ọba wọn ló sì ń tọpa adé wọn dé Ifẹ̀, ṣùgbọ́n kálukú ń dá tirẹ̀ ṣe. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni Ìbàdàn ṣe ń mú wọn. Ní 1878, Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ tó wà nílùú rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn ìlú yòókù pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí tiwọn. Ọgbọ́n ńlá ló wà nínú ìmọ̀ràn yẹn: ìlú tó bá ti pa ajẹ́lẹ̀ kò ní ọ̀nà láti padà lọ bẹ Ìbàdàn mọ́. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìlá àti àwọn mìíràn para pọ̀. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l'Ékòó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé.

Nígbà tí Ògèdèǹgbé dé níkẹyìn, òun ni wọ́n fi ṣe olórí gbogbo ogun náà, Fábùnmi sì bọ́ sẹ́yìn. Lójú tèmi, kì í ṣe nítorí pé ó mọ ogun nìkan. Ògèdèǹgbé kò dé adé. Ọba wo ni ì bá gbà kí ọba ẹgbẹ́ rẹ̀ máa pàṣẹ fún àwọn ọmọ ogun òun?

Láàrin Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni ibùdó méjèèjì ti dojú kọ ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìró àgbá ló sì fún ogun náà lórúkọ. Látóòsà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kú sójú ogun ní 1885. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní September 23, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà. Àdéhùn náà dá òmìnira àwọn ọba Èkìtìparapọ̀ padà fún wọn: kálukú lórí ilẹ̀ tirẹ̀. Ohun tí wọ́n jà fún nìyẹn, wọ́n sì rí i gbà. Ṣùgbọ́n ìgbà tí kálukú ti gba tirẹ̀, kí ló kù tí wọn yóò tún máa para pọ̀ ṣe? Ọ̀rọ̀ Modákẹ́kẹ́ kò yanjú, àwọn ọmọ ogun Ògèdèǹgbé kò sì tú ká, títí Gómìnà Carter fi wá láti Èkó ní 1893.

Ní 1894, Captain Bower mú Ògèdèǹgbé, wọ́n sì gbé e lọ sí Ìwó. Ìparapọ̀ kankan kò dìde láti gbà á sílẹ̀. Ọdún bíi méjì lẹ́yìn náà ló padà sí Iléṣà. Wọ́n fi oyè Ọwá lọ̀ ọ́, kò gbà á. Ọbańlá ló jẹ, orí oyè náà ló sì wà tó fi kú ní 1910.