Ìtàn Gregor Mendel, Àlùfáà Tí Ó Ka Wóró Ẹ̀wà

Kò sí agbolé kan ní ilẹ̀ wa tí a kò ti í bí ọmọ kan rí tí àwọn àgbà yóò tẹjú mọ́ pẹ́, tí wọn yóò sì mi orí. Ọmọ náà kò jọ bàbá, bẹ́ẹ̀ ni kò jọ ìyá. Ojú bàbá àgbà tí ó ti kú ni ó gbé wá sí ayé. A ó sọ ọ́ ní Babátúndé, a ó sì máa bá ọ̀nà wa lọ. Ṣùgbọ́n níbo ni ojú náà fara pamọ́ sí ní gbogbo ìgbà tí a kò rí i lára ẹnikẹ́ni? Ẹni tí ó kọ́kọ́ rí ìdáhùn tí ó ṣeé fi ìṣirò dì mú sí irú ìbéèrè yìí kì í ṣe oníṣègùn, kì í sì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì kankan. Àlùfáà Ìjọ Àgùdà ni, ọmọ àgbẹ̀, olùkọ́ tí ìdánwò olùkọ́ bì ṣubú ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ sọ.

Ní oṣù keje ọdún 1822 ni a bí i ní abúlé Heinzendorf, tí a ń pè ní Hynčice lónìí, ní orílẹ̀-èdè Ṣẹ́ẹ̀kì. Nígbà náà, abẹ́ ọba ńlá ilẹ̀ Ọ́stríà ni gbogbo agbègbè náà wà. Johann ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Anton, bàbá rẹ̀, ní oko tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní òmìnira tán: ọjọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀ ni ó ní láti fi ṣe iṣẹ́ túláàsì fún ọlọ́lá tí ó ni ilẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ láti ẹnu àwọn baba wa bí a ti ń fi túláàsì kó ènìyàn lọ la ọ̀nà, ẹ kò nílò kí a túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Nínú irú iṣẹ́ yìí gan-an ni igi ti wó lu Anton ní ọdún 1838, láti ọjọ́ náà ni agbára rẹ̀ kò sì ti bọ̀ sípò mọ́. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí ni ìjọba tó fi òpin sí àṣà náà.

Johann wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní ìlú Troppau nígbà tí ìjàǹbá yìí ṣẹlẹ̀. Owó kò tún ti ilé wá mọ́ bí ó ti yẹ, ó sì di ẹni tí ń kọ́ àwọn ọmọ ẹlòmíràn ní ìwé kí ó tó rí oúnjẹ jẹ. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀, Theresia àbúrò rẹ̀ obìnrin mú lára owó tí a yà sọ́tọ̀ fún un láti gbé lọ sí ilé ọkọ, ó fi lé e lọ́wọ́. Ohun tí ọmọbìnrin náà ṣe yìí tóbi, nítorí pé ní ilẹ̀ wọn, owó náà ni ó ń fi iyì fún ìyàwó. Johann kò gbàgbé. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ ẹ̀kọ, òun ni ó gbọ́ bùkátà ẹ̀kọ́ àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tí Theresia bí, méjì nínú wọn sì di dókítà.

Ní ọdún 1843, ó wọ ilé àwọn àlùfáà ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ti Ágọ́sítínì Mímọ́ ní ìlú Brno, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti fún un ní orúkọ Gregor. A kò ní purọ́ fún òǹkàwé pé ìpè Ọlọ́run nìkan ni ó gbé e dé ibẹ̀. Àìní pẹ̀lú wà níbẹ̀, ó sì rẹ̀ ẹ́ láti máa fi ebi kàwé. Ilé náà kún fún ìwé, Cyril Napp tí í ṣe olórí ibẹ̀ sì jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ràn ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ púpọ̀. Wọ́n fi Gregor jẹ àlùfáà ní ọdún 1847, wọ́n sì ní kí ó máa bẹ àwọn aláìsàn wò. Kò lè ṣe é. Bí ó bá ti dúró ti ẹni tí ń jẹ̀rora, òun náà a dùbúlẹ̀ àìsàn. Napp rí i pé iṣẹ́ náà kò bá a mu, ó sì rán an lọ máa ṣe olùkọ́ ní ìlú Znaim ní ọdún 1849.

Iṣẹ́ olùkọ́ bá a lára mu, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ìwé-ẹ̀rí. Ní ọdún 1850 ó lọ ṣe ìdánwò ní Vienna, wọn kò sì jẹ́ kí ó yege. Napp tún rán an padà sí ìlú náà láti lọ kàwé ní yunifásítì láti ọdún 1851 sí 1853. Níbẹ̀ ni Christian Doppler ti kọ́ ọ ní ìmọ̀ físíìsì, tí Franz Unger sì kọ́ ọ nípa ara ewéko. Ní ọdún 1856 ó tún gbìyànjú ìdánwò náà; ara rẹ̀ kò gbà á, ó sì padà sí Brno lọ́wọ́ òfo. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé láti ọdún 1854 títí di 1868 tí ó fi ń kọ́ni ní Brno, adelé olùkọ́ lásán ni. Ó yẹ kí àwọn tí ń ṣe ètò ìdánwò ní ibi gbogbo máa rántí èyí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ọdún 1856 yẹn kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di olókìkí. Oko rẹ̀ kò ju ẹ̀yìnkùlé lọ: mítà 35 ní gígùn, mítà 7 ní ìbú. Ohun tí ó gbìn ni ẹ̀wà róbótó tí àwọn òyìnbó ń pè ní pea. Ó kó irú 34 jọ lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta irúgbìn, ó gbìn wọ́n fún ọdún méjì kí ó lè mọ èyí tí irú rẹ̀ kì í yẹ̀, ó sì mú 22 nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí èyí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń da irúgbìn pọ̀ mọ́ ara wọn ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n a máa wo ewéko náà látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo rẹ̀ a sì dojú rú mọ́ wọn lọ́wọ́. Mendel mú ìrísí méje péré, ó ń wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kà.

Ìrísí kan ni bí wóró ti rí. Irú kan wà tí wóró rẹ̀ rí róbótó, òmíràn sì wà tí wóró rẹ̀ hunjọ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó. Ẹ̀wà yìí a máa fún ara rẹ̀ lóyún kí òdòdó rẹ̀ tó là. Nítorí náà, Mendel a tú òdòdó tí kò tí ì là, a já akọ inú rẹ̀ kúrò, a fi lẹ́búlẹ́bú akọ ti irú kejì kàn án, a sì fi àpò kékeré dé e mọ́lẹ̀ nítorí kòkòrò. Nígbà tí èso jáde, gbogbo wóró rẹ̀ ni ó rí róbótó. Ìhunjọ ti pòórá.

Ní ayé ìgbà náà, ohun tí ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n gbàgbọ́ ni pé ìwà bàbá àti ti ìyá a máa po pọ̀ lára ọmọ, bí ìgbà tí a bá po ògì funfun mọ́ ògì pupa. Ẹni tí ó bá po wọ́n kò lè yà wọ́n mọ́ láéláé. Mendel kó àwọn wóró róbótó náà, ó gbìn wọ́n, ó sì jẹ́ kí wọ́n fún ara wọn lóyún. Ìdí 253 so wóró 7,324 fún un. Ó jókòó, ó ṣà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: 5,474 rí róbótó, 1,850 hunjọ. Ìhunjọ ti padà wá, kò dín, kò sì pò mọ́ nǹkan kan. Inú páádi kan náà ni ó ti ń bá wóró róbótó jókòó. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ wóró: 6,022 pupa rúsúrúsú, 2,001 sì jẹ́ àwọ̀ ewé. Ibi gbogbo tí ó yí sí, mẹ́ta sí ọ̀kan ni ó ń bá pàdé.

Kò dúró níbẹ̀. Ó mú lára àwọn wóró róbótó tuntun yìí, ó tún gbìn wọ́n, ìdí 565. Nínú wọn, 193 so róbótó nìkan, 372 sì so róbótó pẹ̀lú ìhunjọ. Ìyẹn ni pé bí a bá rí wóró róbótó mẹ́ta, ọ̀kan péré ni ó mọ́ gaara. Méjì yòókù gbé ìhunjọ sínú. Láti ibí ni ó ti rí i pé ìjogún kì í ṣe ògì, ìlẹ̀kẹ̀ ni. Ohun abẹ̀mí kọ̀ọ̀kan ní ìlẹ̀kẹ̀ méjì fún ìrísí kan, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Èkínní lè bo èkejì mọ́lẹ̀ kí a má rí i, ṣùgbọ́n kò lè bà á jẹ́. Nígbà tí ó bá kan òun náà láti bímọ, ọ̀kan nínú méjèèjì ni yóò fi lé ọmọ lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ tẹ́lẹ̀ èyí tí yóò jẹ́.

Títí di ọdún 1863 ni ó fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ̀wà tí ó sì gbìn tó bí 28,000. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejì àti ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 1865, ó ka ìwé rẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ ìmọ̀ ẹ̀dá ní Brno. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1866. Ó gba ẹ̀dà 40, ó sì fi díẹ̀ nínú wọn ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀mọ̀wé. Ẹni kan ṣoṣo tí ó dá a lóhùn dáadáa ni Carl Nägeli, ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìlú Munich, ìdáhùn náà ni ó sì ṣe é ní ibi jù. Nägeli fẹ́ kí ó lo ewéko kan tí ń jẹ́ hawkweed. Mendel gbà, ó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹjú mọ́ òdòdó rẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín títí ojú fi ń dùn ún, kò sì rí mẹ́ta sí ọ̀kan níbẹ̀ rárá. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nígbà náà ni pé ewéko yìí sábà máa ń so irúgbìn láìgba akọ kankan, ìyá nìkan ni ọmọ rẹ̀ ń jọ.

Ní ọdún 1868 wọ́n fi í jẹ olórí ilé náà, ọgbà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìjọba ṣe òfin owó orí tuntun lórí ilé àwọn àlùfáà ní ọdún 1874. Ó kọ̀, kò san án, ó sì ń fi ìwé bá ìjọba jà títí ó fi kú. A kò lè sọ pé ìjà náà yẹ fún irú orí tí ó ní. Ó kú ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 1884, ní ẹni ọdún 61, nípa àìsàn kíndìnrín. Leoš Janáček, olórin ńlá ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì, ni ó lu dùùrù níbi ìsìnkú rẹ̀. Èrò pọ̀, ṣùgbọ́n àlùfáà rere ni wọ́n wá sin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dáná sun ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé rẹ̀.

Ọdún 1900 ni Hugo de Vries ní Họ́lándì, Carl Correns ní Jámánì àti Erich von Tschermak ní Ọ́stríà, tí olúkúlùkù wọn ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, bá mẹ́ta sí ọ̀kan pàdé, tí wọ́n sì rí i pé ẹnìkan ti débẹ̀ ṣáájú wọn. Correns yìí, akẹ́kọ̀ọ́ Nägeli ni. Ní ọdún 1936, Ronald Fisher, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe lámèyítọ́ pé iye tí Mendel kọ sílẹ̀ sún mọ́ ohun tí ó ń retí jù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó ti gbin ẹ̀wà náà láti ìgbà náà ni ó ń ká ohun kan náà.

Lónìí a mọ ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ Mendel ń gbé, jíìnì ni a sì ń pè é. Àwọn yàrá kéékèèké tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì ni a fi mọ ara wa; nínú kókó àárín wọn ni okùn krómósómù wà, 46 ní ti ènìyàn, 23 láti ọ̀dọ̀ bàbá, 23 láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ohun tí ń jẹ́ DNA ni ìlànà ìjogún wà lára rẹ̀ nínú okùn náà. Friedrich Miescher ti kọ́kọ́ rí i nínú ọyún ojú egbò ní ọdún 1869, nígbà tí Mendel ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò mọ̀ pé iṣẹ́ kan náà ni àwọn ń ṣe. Ní ọdún 1953, James Watson àti Francis Crick, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwòrán tí ó ti ilé iṣẹ́ Rosalind Franklin wá, fi hàn pé ó rí bí àkàsọ̀ tí a lọ́ pọ̀. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni a fi kọ ọ́: A, T, G àti C. A kì í fẹ́ ẹlòmíràn àfi T, G kì í sì í fẹ́ ẹlòmíràn àfi C. Nítorí náà, bí a bá la àkàsọ̀ náà sí méjì, ìlàjì kọ̀ọ̀kan mọ bí yóò ṣe tún ìlàjì kejì kọ. Sẹ́ẹ̀lì a máa ka lẹ́tà wọ̀nyí ní mẹ́ta mẹ́ta láti fi mọ purotéènì tí ara ń lò. Ní ọdún 1990, àwọn onímọ̀ rí jíìnì ìhunjọ gan-an: lẹ́tà bí 800 tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀ ni ó há sí àárín rẹ̀. Nítorí èyí, wóró náà kò lè sọ ṣúgà inú rẹ̀ di sítáàṣì bí ó ti yẹ, omi a pọ̀ nínú rẹ̀, bí ó bá sì gbẹ, a hunjọ.

Kì í ṣe gbogbo ìrísí ni ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ojú àti gíga ènìyàn, ọ̀pọ̀ jíìnì ni ó ń pa ọwọ́ pọ̀ ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun kan wà láàrin wa tí ó ń tẹ̀lé ẹ̀wà Mendel láìyẹsẹ̀, òun ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò fi nǹkan kan yàtọ̀ sí ara wọn ju àmì kan lọ, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò lè fi ọkọ́ ṣe ọkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni lẹ́tà kan ṣoṣo, T ní ipò A, ti ń yí èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ padà, tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ fi ń tẹ̀ kọdọrọ bí dòjé. Ẹni tí ó jogún ọ̀kan rere àti ọ̀kan tí ó yí padà ni a ń pè ní AS. Ara rẹ̀ le, ibà kì í sì í tètè pa á ní èwe. Ìdí nìyí tí irú wọn fi pọ̀ ní Nàìjíríà tó bí ẹnìkan nínú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bí AS bá fẹ́ AS, wóró róbótó méjì tí ó gbé ìhunjọ sínú ni wọ́n. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ yóò jẹ́ AA, ìdá méjì pé yóò jẹ́ AS, ìdá kan pé yóò jẹ́ SS, tí í ṣe alárùn. Kì í ṣe pé bí àkọ́bí bá jẹ́ SS, mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e ti bọ́. Oyún kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí àwọn baba wa fi abẹ kọ lára nítorí pé wọ́n ń pè wọ́n ní àbíkú jẹ́ ọmọ SS. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń sọ irú ẹni tí a jẹ́, àwọn ọ̀dọ́ kíláàsì wa sì tó ẹni tí a ń sọ fún kí wọ́n tó mú àfẹ́sọ́nà, kì í ṣe lẹ́yìn ìgbà tí a bá ti pe ẹbí jọ.

Ní ọdún 2021, nígbà tí igba ọdún ìbí Mendel kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn onímọ̀ ní Brno ṣí ibojì àwọn àlùfáà ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ní itẹ́ òkú ìlú náà. Egungun ju ti ẹnìkan lọ níbẹ̀. Wọ́n yọ DNA lára wọn, wọ́n fi wé èyí tí ó ṣẹ́kù lára àwọn ohun ìní rẹ̀, ọ̀nà yìí ni wọ́n sì gbà mọ èyí tí í ṣe ti Gregor láàrin wọn.