DaGrin: Ọmọ Ìta Tí Ó Fi Èdè Abínibí Gba Oyè

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí a bá ń ka ìtàn àwọn ẹni ńlá fún àwọn ọmọ wa, àwọn ọba, àwọn jagunjagun, àwọn olóṣèlú àti àwọn ọ̀mọ̀wé ni a máa ń dárúkọ. A kò sọ pé èyí burú. Ṣùgbọ́n lónìí, a fẹ́ sọ ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò jọba, tí kò jagun, tí kò di ipò ìjọba kankan mú, tí kò sì tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ikú mú un lọ. Lẹ́nu ọdún mélòó kan tí ó fi wà lójú agbo, ó ṣe fún èdè Yorùbá láàrin àwọn ọ̀dọ́ ohun tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpàdé àti ìwé ìlànà kò rí ṣe. Orúkọ rẹ̀ ni Ọládàpọ̀ Ọláìtán Ọláònípẹ̀kun. DaGrin ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí.

Ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn ni nípa ìran, ṣùgbọ́n Meiran, ní agbègbè Alágbàdo ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ni ó gbé dàgbà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ojú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta yóò mọ irú àdúgbò tí ibẹ̀ jẹ́: ibùgbé àwọn òṣìṣẹ́, àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ àti àwọn oníṣòwò kéékèèké, tí wọ́n ń jí lọ sí ìgboro ní àfẹ̀mọ́júmọ́, tí wọ́n sì ń padà wálé nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, èdè Yorùbá ni a fi ń ná ọjà, òun ni a fi ń jà, òun náà ni a sì fi ń parí ìjà. Èdè yìí gan-an ni ọmọ náà gbé wọ inú orin.

Ó yẹ kí á ṣàlàyé irú orin tí à ń wí, nítorí àwọn àgbà tí ó wà láàrin àwọn òǹkàwé wa. Ráàpù ni orin tí akọrin kò fi ohùn fà gùn, ṣùgbọ́n tí ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá lórí ìlù, tí ìró òpin gbólóhùn kan sì ń bá ìró òpin èkejì dọ́gba. Àdúgbò Bronx ní ìlú New York, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni àṣà hip hop tí ráàpù jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ ti ṣẹ̀. Àríyá kan tí DJ Kool Herc, ọmọ Jàmáíkà, ti fi àwo orin dá àwọn ènìyàn lára yá ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1973 ni a máa ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn DJ ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í pa orin oríṣiríṣi pọ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, tí wọ́n ń tà á fún ará ìgboro láìdúró de ilé-iṣẹ́ àwo orin ńlá kankan.

Ṣùgbọ́n kí ọmọ Yorùbá má ṣe rò pé àjèjì pátápátá ni ohun tí à ń wí yìí. Oníjàálá, onírárà, aṣèsà àti akéwì ti ń fi ọ̀rọ̀ dárà lórí ìlù ní ilẹ̀ wa kí a tó dá ìlú New York sílẹ̀ rárá. Ohun tí ó ṣe àjèjì ni pé, nígbà tí ráàpù dé Nàìjíríà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ fi ń ṣe é, tí wọ́n ń yí ohùn padà bí ẹni pé òkè òkun ni a gbé bí wọn. Ní ìparí ẹ̀wádún 1990, ẹgbẹ́ The Remedies bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá lú u. Lẹ́yìn wọn ni Lord of Ajasa dé, tí ó sọ èdè wa di ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Nítorí náà, DaGrin kọ́ ni ó kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn náà. Òun ni ó ṣí i gbayawu.

Kò sì rọrùn fún un. Ó tún ń jẹ́ Barack O'Grin nídìí orin. Ó gbé àwo orin kan jáde tí ó pè ní Still on the Matter, ṣùgbọ́n àwo náà kò sọ ọ́ di olókìkí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìbá ti padà lẹ́yìn iṣẹ́ náà, tàbí kí wọ́n pa èdè ilé wọn tì láti lọ máa fi ohùn àwọn ará Amẹ́ríkà wá oúnjẹ. DaGrin kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn Meiran tí ó mọ̀ ni ó tẹ̀ mọ́.

Ọdún 2009 ni ìràwọ̀ rẹ̀ yọ. Ní ọdún náà ni ó gbé àwo kejì jáde, tí àmì orúkọ rẹ̀ jẹ́ C.E.O. Àwọn ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń jẹ́ oyè yìí, ṣùgbọ́n DaGrin mú lẹ́tà tí ó kẹ́yìn, ó sì sọ ọ́ di ọmọ ìta, kí ó lè yé gbogbo ènìyàn pé ọ̀gá àgbà àwọn ọmọ ìta ni òun. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ìlú fi ń bú ọmọ aláìníṣẹ́ ni ó gbé wọ aṣọ oyè yìí. Sossick, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n mọ bí a ti ń fi ẹ̀rọ to ìlù orin pọ̀, ni ó ṣe ìlù Pon Pon Pon, orin tí ó gbé àwo náà dé ibi gbogbo. Kondo náà wà níbẹ̀, àti Thank God tí Omawumi bá a kọ. Nínú àwọn orin náà, ebi, àìrówóná, ìgbéraga ọ̀dọ́, ọpẹ́ àti ìrètí ọmọ tálákà ń tẹ̀lé ara wọn. Yorùbá ni òpó wọn, Gẹ̀ẹ́sì àti pijin sì ń ràn án lọ́wọ́, bí ọmọ Èkó ti ń sọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́.

Bí irú orin bẹ́ẹ̀ ṣe ń dé etí àwọn ènìyàn ní ìgbà náà ni ó gbé ìtàn yìí dé ìhà Ọ̀jọ́. Ọjà Alábà tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ ni ọjà ńlá tí a ti ń ra rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti oríṣiríṣi ẹ̀rọ. Níbẹ̀ náà ni àwọn oníṣòwò àwo orin pọ̀ sí. Akọrin tí kò ní ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn yóò gbé orin rẹ̀ tọ DJ lọ. DJ yóò ṣa orin lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ akọrin, yóò so wọ́n pọ̀ láìjẹ́ kí ìlù já, yóò máa ké orúkọ ara rẹ̀ láàrin wọn, a ó sì tẹ gbogbo rẹ̀ sórí àwo CD kan tí owó rẹ̀ kò ga ju agbára mẹ̀kúnnù lọ. Alaba mix ni àwọn ará ìlú ń pè é.

Láti Alábà, ojú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì ni àwọn àwo náà ń gbà lọ. Àwọn ọmọ tí ń kiri ọjà láàrin súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ń tà wọ́n ní Mile 2, ní Ìyànà-Ìbà, títí dé Okokomaiko. Awakọ̀ dáńfó ń lò ó láti fi lé oorun lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ìjọba Alàgbà Lateef Jakande dá sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní ọdún 1983, jókòó sínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú alápatà àti aránṣọ, orin kan náà ni gbogbo wọn sì ń gbọ́. Kò sí ẹni tí ó nílò ògbufọ̀. Ní irú ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni orin ọmọ ìta fi di orin ìlú.

Ṣùgbọ́n idà olójú méjì ni ọjà náà. Ó fún akọrin ní òkìkí, ó sì fi owó rẹ̀ dù ú. Púpọ̀ nínú àwọn àwo tí ń kiri ìgboro nígbà náà ni a tẹ̀ láìgba àṣẹ ẹni tí ó kọ orin, bẹ́ẹ̀ ni òfin tí ó dáàbò bo iṣẹ́ oníṣẹ́-ọnà ti wà ní ilẹ̀ yìí láti ọdún 1988. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tí ó rọ́pò rẹ̀. Lónìí, fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwo CD, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò tíì yí padà: ta ni ó gbìn, ta ni ó sì ń kórè?

A kò ní fi òtítọ́ pamọ́. Àwọn àgbà kan rojọ́ pé ẹnu DaGrin mú jù, pé àwọn ọ̀rọ̀ kan nínú orin rẹ̀ kò yẹ kí ọmọ kékeré gbọ́. Ẹjọ́ wọn tọ́. Kò sí olùkọ́ tí a lè gbà nímọ̀ràn pé kí ó gbé gbogbo orin náà wọ kíláàsì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ èébú nìkan nínú rẹ̀ kò gbọ́ tán. Ọgbọ́n ìlò ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, àfiwé wà níbẹ̀, àwàdà wà níbẹ̀, ìròyìn ìyà tí ń jẹ àwọn ọmọ ẹ̀yìn ìlú sì wà níbẹ̀ láìfi bò.

Ní òru ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2010, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ DaGrin forí sọ ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó dúró ní ojú ọ̀nà ní agbègbè Mushin. Ó fara pa gidigidi. Wọ́n gbé e dé ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, níbi tí àwọn oníṣègùn ti ṣe ìwọ̀n tí wọ́n lè ṣe, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 22 oṣù náà, ẹ̀mí bọ́. Ọgbà òkú Àtàn ní Yábàá ni wọ́n sin ín sí. Láti ìgbà tí àwo C.E.O. ti jáde, kò tíì pé ọdún kan tí ó fi jẹ èrè làálàá rẹ̀. Ọ̀nà òru àti ọkọ̀ akẹ́rù tí a fi sílẹ̀ sí ojú títì ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí tí ìwé ìròyìn kò dárúkọ. Bí orúkọ ẹni yìí bá lè mú kí àwọn aláṣẹ ka ọ̀rọ̀ náà sí, ikú rẹ̀ kò ní jẹ́ òfò lásán.

Oyè dé lẹ́yìn tí olóyè ti lọ. Ní ọdún 2010 kan náà, àjọ Hip Hop World Awards fún C.E.O. ní ẹ̀bùn àwo ráàpù tí ó dára jù lọ. Ní ọdún 2011, sinimá Ghetto Dreamz tí a gbé karí ìgbésí-ayé rẹ̀ jáde. Ní ọdún náà pẹ̀lú ni Olamide, ọmọ Bàrígà, gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, tí òun àti Reminisce àti àwọn mìíràn sì ń fi Yorùbá ṣe ráàpù láìtijú. Lónìí, kò sí ẹni tí ẹnu ń yà mọ́ bí ó bá gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ nílé tàbí ní òkè òkun.

Ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn yìí wá kọ́ wa? Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ ju àwa lọ pé ọ̀rọ̀ èdè abínibí ní ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn, kódà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin pé kí a máa kọ́ Yorùbá ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a fi máa kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ náà kéde pé òun ti fagi lé ìlànà yìí. Bí a ti ń kọ́ ọ ni a ń wó o. Títí di òní, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n ń jẹ ọmọ níyà nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀.

Ọmọ Meiran kò dúró de ìlànà kankan. Ó gbà pé ohunkóhun tí ọkàn òun bá rò, Yorùbá lè sọ ọ́, ó sọ ọ́, ayé sì gbọ́. Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin olùkọ́ pé kí ẹ fi àyè sílẹ̀ ní kíláàsì yín fún àwọn ọmọ láti fi Yorùbá dárà, kí ẹ tọ́ ahọ́n tí ó mú sọ́nà, kí ẹ má ṣe gé e. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ̀yin ni ẹ máa ń háyà àwọn akọrin wọ̀nyí nígbà ìbò, nítorí ẹ mọ̀ pé èdè wọn ni ìlú ń gbọ́. Nígbà tí àwọn olùdíje yín bá tún dé Okokomaiko tàbí Alágbàdo láti tọrọ ìbò, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọn yóò ṣe kí èdè náà lè wọ ilé-ẹ̀kọ́, kí oníṣẹ́-ọnà sì lè jẹ nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Olùdíje tí kò bá ní ìdáhùn kò yẹ ní ẹni tí a ń kọrin fún.