Lẹ́tà Toussaint Louverture

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Pobè àti Sakété, ẹ mọ ìlú Alada ní orílẹ̀-èdè wa Bẹ̀nẹ̀. Ìdílé Toussaint Louverture sọ pé láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kó bàbá rẹ̀ lẹ́rú kọjá òkun.

Ní nǹkan bí ọdún 1743 ni wọ́n bí Toussaint sí oko ìrèké Bréda, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Haiti lónìí. Àwọn Faransé ló ni ilẹ̀ náà nígbà náà. Wọ́n bí i sí oko ẹrú, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di ọdún 1776, ó ti gba òmìnira.

Ní ọdún 1789, àwọn ará Faransé dìde sí ọba wọn. Ní ọdún 1791, àwọn ẹrú Haiti náà dìde. Toussaint di olórí ogun. Ní oṣù kejì ọdún 1794, ìjọba Faransé kéde pé kò sí ẹrú mọ́.

Toussaint a máa kọ lẹ́tà púpọ̀. Yóò sọ̀rọ̀, àwọn akọ̀wé yóò kọ ọ́, wọn yóò sì kà á fún un títí yóò fi bá ọkàn rẹ̀ mu. Bí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, bí etí ṣe gbọ́ ọ ni ó ń kọ ọ́. Àṣìkọ pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kò fara sin.

Ní ọdún 1797, àwọn kan ní Paris fẹ́ dá oko ẹrú padà. Toussaint kọ̀wé sí ìjọba pé ẹni tó ti tọ́ òmìnira wò yóò yan ikú ju àjàgà lọ.

Ní ọdún 1802, àwọn ọmọ ogun tí Bonaparte rán dé. Wọ́n jà, wọ́n parí ìjà, Toussaint sì padà sí oko rẹ̀. Ní oṣù kẹfà, ọ̀gágun Brunet kọ lẹ́tà dídùn sí i pé kí ó wá kí àwọn jọ sọ̀rọ̀. Toussaint gba lẹ́tà náà gbọ́, ó lọ. Wọ́n mú un, wọ́n sì kó òun àti ìdílé rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé.

Wọ́n yà á kúrò lọ́dọ̀ Suzanne ìyàwó rẹ̀, wọ́n tì í mọ́ Fort de Joux, lórí òkè tó tutù gan-an. Ní oṣù kẹsàn-án, ó kọ̀wé sí Suzanne pé òun ti ṣàìsàn, ara ti ń yá, èé ṣe tí òun kò gbúròó rẹ̀? Nígbà tó yá, wọ́n gba ìwé àti kálàmù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kú síbẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1803. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1804, Haiti gba òmìnira.

Ẹ kíyè sí i: lẹ́tà ni wọ́n fi mú un, lẹ́tà rẹ̀ náà ni wọ́n sì bẹ̀rù. Ẹ máa kọ tiyín, bí àṣìkọ tilẹ̀ wà níbẹ̀. Bí lẹ́tà bá sì dé, ẹ kà á tán, kí ẹ ro ẹni tó kọ ọ́.

Ìbéèrè
1. Kí ni Toussaint béèrè lọ́wọ́ Suzanne?
2. Ẹ kọ lẹ́tà kúkurú sí ẹni yín kan tó wà lókèèrè.