Bàbá Aládùúrà, Mósè Orímọ́ládé

Ẹni tí ó bá ti sùn ní Yábàá tàbí ní Múṣin rí yóò ti gbọ́ agogo àwọn aláṣọ funfun ní òru. Arọ kan ni ó la ọ̀nà fún wọn.

Ìkàrẹ́ ní ilẹ̀ Àkókó ni a gbé bí Mósè Orímọ́ládé Túnọláṣẹ, ní nǹkan bí ọdún 1879. Ọdún púpọ̀ ni kò fi lè dìde. Nígbà tí ó sì dìde, títiro ni ó ń tiro títí ó fi kú. Ó wàásù dé Lọ́kọ́ja àti Sáríà, ó sì wọ Èkó ní ọdún 1924.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1925, ọmọbìnrin kan, Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, lọ wo ìtọ́wọ̀ọ́rìn àwọn Àgùdà. Láti ibẹ̀ ni ojú ìran ti gbé e lọ, kò sì mọ ayé mọ́ fún ọjọ́ púpọ̀. Jìnnìjìnnì bá àwọn ará ilé rẹ̀. A ránṣẹ́ pe Orímọ́ládé. Ó gbàdúrà, ọmọ náà sì jí. Láti ọjọ́ náà ni èrò ti ń wọ́ tọ̀ ọ́, wọ́n sì sọ ẹgbẹ́ wọn ní Séráfù ní oṣù kẹsàn-án. A fi Kérúbù kún un lẹ́yìn náà.

Àwọn babaláwo ń ṣe ètùtù fún ẹni tí ẹ̀mí ń dà láàmú. Àwọn àlùfáà Mùsùlùmí ń fún un ní omi tí wọ́n fi fọ wàláà mu. Àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì, ní tiwọn, kọ́ni pé asán ni ẹ̀rù àjẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ti sin ọmọ mẹ́rin, kí ni yóò fi ẹ̀kọ́ náà ṣe? Orímọ́ládé kò bá a jiyàn. Ó gbà pé ọ̀tá wà, ó sì fi àwẹ̀, Sáàmù àti omi àdúrà dojú kọ ọ́. Ohun kan ni ó ń béèrè: kí a kó oògùn ilé jáde, kí a sun ún. Lójú tèmi, èyí le ju àwẹ̀ lọ, nítorí ìyá náà yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ońdè kúrò ní ìdí ọmọ kan ṣoṣo tí ó kù.

Ní ọdún 1929 ni òun àti Abíọ́dún pínyà. Ó kú ní Òjòkóró, lẹ́bàá Agége, ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1933. Ibẹ̀ ni ibojì rẹ̀ wà, àwọn ènìyàn sì ń lọ gbàdúrà níbẹ̀.