Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì: Ìyá tó Pa Ejò, tí Wọn Kò Fún ní Àga

Ọdún ni a fi ń rántí àwọn tó ti lọ. Ẹ jẹ́ ká rántí ìyá Ẹ̀gbá kan, lẹ́yìn ààlà níbẹ̀ yẹn, tí ìtàn rẹ̀ kàn wá.

Ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1900 ni wọ́n bí Fúnmiláyọ̀ Thomas ní Abẹ́òkúta. Ó wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama ìlú náà ní 1914. Ó lọ kàwé sí i nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1919, ó padà wá ṣe olùkọ́, ó sì di ìyàwó Àlùfáà Ransome-Kútì ní 1925.

Láyé ìgbà náà, owó orí ń ni àwọn obìnrin ọlọ́jà lára. Wọ́n ń san án, ṣùgbọ́n kò sí obìnrin nínú ìgbìmọ̀ tó ń pàṣẹ rẹ̀. Ìyá yìí kó olówò àti ọ̀mọ̀wé pọ̀ sínú Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta ní 1946. Ní 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin sun iwájú ààfin Aláké mọ́jú. Nígbà tí oṣù kìíní 1949 máa fi dé, Ọba Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Owó orí obìnrin dópin, obìnrin sì wọ ìgbìmọ̀ ìlú.

Ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC mọ iyì rẹ̀. Òun nìkan ni obìnrin nínú àwọn aṣojú tí wọ́n rán lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1947. Ó du àga ilé aṣòfin ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní 1951, kò wọlé. Nígbà tí ìdìbò ilé aṣòfin àpapọ̀ ti 1959 dé, ẹgbẹ́ kọ̀ láti fà á kalẹ̀. Ó dá dúró, ó du ipò náà fúnra rẹ̀. Ìbò pín sí méjì, ẹgbẹ́ alátakò wọlé, NCNC sì lé e jáde.

Àwọn àgbà ní bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà má ti lọ. Ìyá yìí pa ejò. Nígbà tó kan àga jíjókòó, wọ́n ní kó yàgò.

Ní 1977, àwọn sójà jù ú láti ojú fèrèsé ilé ọmọ rẹ̀, Fẹlá, ní Èkó. Kò bọ́ nínú rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin 1978. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin Òkè Ọya ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò, ẹ̀tọ́ tó ti ń jà fún tipẹ́.

Ní Bẹ̀nẹ̀ tiwa, Marie-Elise Gbèdo du ipò ààrẹ ní 2001, obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìdìbò 2023, òfin ya àga 24 nínú 109 sọ́tọ̀ fún obìnrin nílé aṣòfin. Òfin ti ṣe tirẹ̀. Ó ku ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́ tó ń kọ orúkọ olùdíje: àwọn obìnrin tó ń kó èrò jọ fún yín, ẹ fi orúkọ wọn sókè ìwé, kì í ṣe ìsàlẹ̀.

Ọdún á yabo. Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀.